Kòkòrò wo lèyí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìdin kan lábẹ́ èèpo igi kòkó wa n'Íléṣà, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí ẹ̀ dúdú, ìwo méjì wà nídìí ẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ní snakefly (kòkòrò abìyẹ́ kan tí ọrùn ẹ̀ gùn) ni, ṣé lóòótọ́?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò, ibi tí òtútù ti ń mú ni snakefly ń gbé, bíi Yúróòpù àti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìdin ẹ̀ gan-an nílò òtútù kó tó lè dàgbà. Mi ò bá àbúrò yín wí ṣá, torí abẹ́ èèpo igi nìyẹn náà ń gbé, orí ẹ̀ le ó ń dán, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló máa sá lọ wìì. Àmọ́ kì í níwo nídìí. Ó jọ pé ẹbí ọ̀bọ̀ǹbọ̀n ni tiyín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á.