Ṣé Ìrẹsì Tá A Fún Obìnrin Tó Ti Igbó Bọ̀ Lè Sọ Wá Dèrò Ẹ̀wọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà wa. Ẹgbẹ́ ìyá Yorùbá ni wá ní Kubwa, l'Abuja níbí. A ti forúkọ àjọ aṣèrànwọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní CAC, a sì ń pín ìrẹsì àti aṣọ fáwọn tógun lé kúrò nílé tí wọ́n wà ní Wassa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní London ti wá bá wa kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní ká nawọ́ àánú yìí dé Bama, ní Borno. Báńkì ní láìsí ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ owó èrú, àwọn ò ní ṣí àkáǹtì fún wa. Àjọ tó fẹ́ bá wa ṣe é ní Maiduguri gbé àdéhùn wá, ó ní ká fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni tó bá ti bá Boko Haram gbé rí kò ní jẹ nínú ẹrù wa. Bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì sá jáde gan-an la torí wọn dìde. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n jáwọ́, pé EFCC àti ṣọ́jà ò mojú ìyá arúgbó. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá Ìbejì, Kubwa)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí bàbá nílé. Ìbẹ̀rù wọn nídìí, ibi tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí ni mi ò fara mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gba àwọn àjọ aṣèrànwọ́ nímọ̀ràn lórí òfin l'Abuja níbí, mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ torí pé ó bu ìrẹsì fún obìnrin tí ebi ń pa. Àwọn tí mo rí tí wọ́n kó sí wàhálà, ọ̀nà tí owó wọn gbà wọlé àti ọ̀nà tó gbà jáde ni wọn ò rí ṣàlàyé.

Òfin tó ń gbógun ti ìgbésùnmọ̀mí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2022 ló rọ́pò ti 2011 tí wọ́n tún ṣe ní 2013. Ó fẹjú gan-an. Kì í ṣe ẹni tó gbé ìbọn fún wọn nìkan ló ń bá wí. Ẹni tó fún wọn lówó tàbí ohun èlò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹjọ́ rọ̀ mọ́ ni pé kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí kó ní ìdí tó fi yẹ kó mọ ibi tó ń lọ. Obìnrin tó sá kúrò nígbèkùn, tó wà nínú ibùdó tí ìjọba ń ṣọ́ ní Bama, kì í ṣe ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí. Pé wọ́n fipá fẹ́ ẹ fún ọ̀kan nínú wọn kò sọ ọ́ di ọmọ ogun.

Àdéhùn tí wọ́n gbé wá yẹn ló ká mi lára jù, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ wò ó.

Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nítàn. USAID ti Amẹ́ríkà fi irú rẹ̀ sínú àdéhùn owó tó ń fún àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ ní àríwá ìlà-oòrùn wa: kí wọ́n tó ran ẹni tí wọ́n bá mọ̀ dájú pé ó ti bá Boko Haram tàbí ISWAP, àwọn tó yapa kúrò lára rẹ̀, ṣe rí lọ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lákọsílẹ̀. Ọdún 2019 lọ̀rọ̀ náà jáde sínú ìròyìn, ariwo sì ta láàárín àwọn aṣèrànwọ́. USAID ti kógbá wọlé ní 2025, àmọ́ ìwé rẹ̀ ò bá a lọ. Àjọ ńlá a dà á kọ fún àjọ kékeré, kékeré a dà á kọ fún èyí tó kéré sí i, bó sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìbẹ̀rù ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà sọ pé “ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀ dájú”, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún gbígba àṣẹ. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ yín sọ pé “ẹnikẹ́ni tó bá ti bá wọn gbé rí”, ó parí. Ta ni kò bá wọn gbé rí ní Bama? Oṣù Kẹsàn-án 2014 ni Boko Haram gba ìlú náà, ó di oṣù Kẹta 2015 kí àwọn ọmọ ogun wa tó gbà á padà. Ẹni tí kò rọ́nà sá, ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, aboyún, gbogbo wọn ló bá wọn gbé. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ìwé yẹn bó ṣe wà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pín àpò ìrẹsì àkọ́kọ́ lẹ ti rú àdéhùn, owó tẹ́ ẹ ti ná ni wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ dá padà.

Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà sí nǹkan bí èyí: “A ò ní mọ̀ọ́mọ̀ fi owó tàbí ẹrù yìí ran ẹgbẹ́ tàbí ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tí ìjọba Nàìjíríà tàbí UN fòfin dè lọ́wọ́.” Èyí lẹ lè mú ṣẹ. Ìwé orúkọ méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nigeria Sanctions Committee ló ń gbé ti Nàìjíríà jáde. Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ wá orúkọ wọn níbẹ̀ ni àwọn ọ̀gá àjọ Maiduguri yẹn, ẹni tẹ́ ẹ ti fẹ́ ra ìrẹsì, onímọ́tò tó máa gbé e, ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi pamọ́.

Àwọn tó tò gba oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má wá orúkọ wọn níbì kankan. Ilẹ̀ Yúróòpù tó ń náwó púpọ̀ lórí ìrànwọ́ náà ti sọ pé òun ò ní kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tí ebi ń pa wéra pẹ̀lú ìwé àwọn tí wọ́n fòfin dè. Ìjọba ló ń yẹ àwọn tó ti igbó jáde wò, ṣọ́jà ti ń ṣe é kí wọ́n tó wọ ibùdó. Àwọn tó gbé ìbọn rí tí wọ́n sì ti túúbá ní ètò tiwọn lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Tó bá jẹ́ àwọn yẹn lẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́, ọwọ́ ìjọba nìkan ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má dá a ṣe.

Ohun kan wà tí àwọn aláàánú kì í rò. Ẹ má kọ “ìyàwó Boko Haram” sórí ìwé tẹ́ ẹ fi ń pín ẹrù. Mo ti rí i lórí ìwé àjọ kan rí, orúkọ obìnrin ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò, obìnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ gbé. Ẹ kọ “ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta”, ó tó. Òfin ìdáàbòbo ìsọfúnni ara ẹni tó jáde ní 2023 náà kan ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ya fọ́tò ojú wọn ránṣẹ́ sí London, bó ti wù kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀ yín tó.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé UN ti yanjú gbogbo èyí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n yanjú. Ní oṣù Kejìlá 2022, Ìgbìmọ̀ Ààbò UN ṣe ìpinnu 2664, pé òfin tó ní kí wọ́n ti owó àti dúkìá àwọn tí wọ́n fòfin dè pa kò gbọdọ̀ dí iṣẹ́ oúnjẹ àti oògùn lọ́wọ́. Boko Haram ti wà nínú ìwé UN láti oṣù Karùn-ún 2014, àyè yìí sì kàn án. Ṣùgbọ́n UN fúnra rẹ̀, irú Red Cross, àtàwọn àjọ tó ń gba owó ìjọba lóríṣiríṣi tí wọ́n sì wà nínú ètò ìrànwọ́ UN, pẹ̀lú àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà, ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ìyá Kubwa tó ń fi owó ṣọ́ọ̀ṣì ra ìrẹsì kò sí níbẹ̀ láyè ara wọn. Nítorí náà, ẹ bi àjọ Maiduguri yẹn bóyá ó wà nínú ètò UN ní Borno. Bó bá wà níbẹ̀, kó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé abẹ́ ètò náà lẹ ti ń bá a ṣiṣẹ́. Kódà nígbà náà, owó tí wọ́n tì pa ni ìpinnu yẹn ń sọ. Kò pa òfin ọ̀daràn Nàìjíríà rẹ́.

Ó ku ti báńkì. Ìwé SCUML tí wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá kì í ṣe ìyọnu lásán. Abẹ́ EFCC ni SCUML wà, òfin sì ka àjọ aṣèrànwọ́ mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti oṣù Kejì 2023 tí FATF, àwọn tó ń ṣọ́ ìrìn owó láàárín orílẹ̀-èdè, ti kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tí wọ́n ń fojú sí lára, ni ọwọ́ báńkì ti le. Wọ́n yọ wá kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2025, àmọ́ ẹ má retí pé ẹni tó wà ní káńtà á yára gbàgbé. FATF yìí kan náà ló tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní 2023 pé kí ìṣọ́ tí wọ́n ń ṣọ́ àjọ aṣèrànwọ́ má kọjá ìwọ̀n ewu tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ò tíì dé etí báńkì púpọ̀.

Tí ìwé bá ti pé, kí owó London wọ àkáǹtì àjọ yín tààrà. Kò gbọdọ̀ gba àkáǹtì yín, tàbí ti ọmọ yín, tàbí ti pásítọ̀ kankan kọjá. Owó tó bá lé ní dọ́là 10,000 láti òkè òkun, òfin ní kí wọ́n jábọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ wa kọ lẹ́tà kan ṣáájú: ta ló dá owó náà, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ibo ló ń lọ. Báńkì ti London lè rí “Borno” kó dá a dúró, lẹ́tà yẹn ló máa tú u. Mo mọ àjọ kan tí owó oúnjẹ rẹ̀ há sí báńkì títí òjò fi dé, tí ọ̀nà Rann, ní Borno, sì di omi. Kò sẹ́ni tó ní wọ́n jẹ̀bi ohunkóhun; oúnjẹ náà ni kò débẹ̀.

Kéèṣì sì rèé: òfin 2022 lórí fífọ owó, ìyẹn sísọ owó èrú di owó mímọ́, kò gbà kí ilé iṣẹ́ tàbí àjọ gba kéèṣì tó ju mílíọ̀nù 10 náírà lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí kó san án, ti ẹni kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 5 lọ. Lójú ọ̀nà Borno, kéèṣì tí kò tó ìdajì ìyẹn pàápàá á jẹ́ kí wọ́n bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ sanwó fún ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Maiduguri láti báńkì sí báńkì.

Bàbá ò purọ́ nípa ṣọ́jà. Ní oṣù Kejìlá 2018, wọ́n ní UNICEF ń kọ́ àwọn amí fún agbésùnmọ̀mí, wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì yí i padà lọ́jọ́ kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n ti ọ́fíìsì Action Against Hunger pa, wọ́n tún ti ti Mercy Corps. Àjọ méjèèjì ò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀ títí di ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà ní ibùdó ló jìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún àwọn ńlá, ẹ má fi ẹsẹ̀ ara yín wọ Bama. Kí àjọ Maiduguri gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ológun àti ìjọba ìpínlẹ̀ kí ẹrù tó gbéra, kí ohun tó wà nínú mọ́tò má sì yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí ìwé. Ajílẹ̀ yúríà ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, torí wọ́n ń fi ṣe bọ́ǹbù. Epo bẹntiróòlù náà bẹ́ẹ̀. Oògùn gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Èyí túmọ̀ sí pé inú ìlú Bama, láàárín yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí i ká, lẹrù yín ń parí sí. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi, tí UN ti fojú bù nígbà kan pé wọ́n tó mílíọ̀nù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aṣèrànwọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò rí bí ẹ̀yin ṣe máa dé ibẹ̀, mi ò sì ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ gbìyànjú.

Ẹ lọ gba ìwé SCUML lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun á bá yín yára gbà á tẹ́ ẹ bá fún òun ní nǹkan, ẹ ní kó máa lọ. Ìwé CAC yín, òfin àjọ yín àti orúkọ àwọn tó ń bójú tó o lẹ máa kọ́kọ́ nílò. Títí ó fi máa jáde, ẹ máa bá ti Wassa lọ, ẹ sì ní kí ọmọ wa má tíì fi owó ránṣẹ́.