Ṣé HPV, kòkòrò àrùn tó ń ràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀, máa ń yọ ọkùnrin tó ní HIV lẹ́nu ju àwọn ọkùnrin yòókù lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti ní ìbálòpọ̀ rí ló máa ń kó HPV nígbà kan láìmọ̀, ara wọn á sì lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. HIV ló ń dín agbára yẹn kù, pàápàá bí CD4, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, bá ti lọ sílẹ̀. HPV á wá pẹ́ lára.

Ẹ̀yà rẹ̀ lé ní 200. Ẹ̀yà 6 àti 11 ló sábà máa ń mú kí nǹkan kéékèèké hù lójú ara. Ó ń dójú tini, ṣùgbọ́n kì í sábà di jẹjẹrẹ. Ẹ̀yà 16 ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún: òun ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ihò ìdí. Àwọn tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ ni ewu yìí pọ̀ fún jù, àmọ́ kò yọ àwọn yòókù sílẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ wà. Ìwádìí ANCHOR, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé bí wọ́n bá tètè tọ́jú ibi tó ti ń yí padà nínú ihò ìdí, tó lè di jẹjẹrẹ, lára àwọn tó ní HIV, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 35, ewu jẹjẹrẹ yìí á dín kù ní ìdá 57 nínú 100. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú láti béèrè àyẹ̀wò ihò ìdí lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ máa lo oògùn HIV yín déédéé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dára fún ẹni tó ní HIV, ṣùgbọ́n kò lè lé èyí tó ti wọlé. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù ń ranni lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ bo gbogbo ibi tí awọ ti ń kan awọ.