Kọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Mo ka ọ̀rọ̀ yín délẹ̀. Ẹ ní ọmọbìnrin yín ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC, LAUTECH kò mú un lọ́dún yìí, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà pé òun á lọ ka NCE, ìwé ẹ̀rí tí a fi ń di olùkọ́. Ẹnìkan tí ẹ jọ ń tajà ní Tákìé ní kí ẹ fi í sí sẹ́ńtà kan tí kò jìnnà sílé, pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń lọ, owó rẹ̀ kò sì ga. Àbúrò yín tó wà ní Ọ̀yọ́ ní kí ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, torí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba wà níbẹ̀. Ẹ wá ní èwo ni kí ẹ mú nínú méjèèjì, bóyá yóò lọ sí NYSC, àti bóyá kò ní pẹ́ jù kó tó gba dìgírì.

Olùkọ́ ni mí níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. NCE ni mo fi wọṣẹ́ kí n tó lọ ṣe dìgírì. Wọ́n sì máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ TP, àwọn tó ń fi ìkọ́ni dánra wò, ránṣẹ́ sí kíláàsì mi láti oríṣiríṣi kọ́lẹ́ẹ̀jì, torí náà mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ná. Kọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ sọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí kì í wò rárá.

Lójú èèyàn púpọ̀, NCE ni NCE ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ JSS máa ń mú iṣẹ́ méjì pọ̀, bíi Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, Ìṣirò àti Kọ̀ǹpútà, tàbí Bayọ́lọ́jì àti Kẹ́mísírì. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní PES; ti àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wà, ECCE nìyẹn; ti àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara wà; ti àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé kíkà náà wà. Ọ̀nà tí kálukú ń gbà jáde sí yàtọ̀. Bí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá ń gba olùkọ́, NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí wọ́n ń béèrè, PES sì bá iṣẹ́ náà mu gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ńdìrì ló wà lọ́kàn ọmọ yín, ọ̀dọ̀ TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, nìyẹn; dìgírì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, wọ́n á sì fẹ́ kó jẹ́ nínú iṣẹ́ kan pàtó.

Ẹnìkan wà tí a jọ kàwé, ọpọlọ rẹ̀ pé nínú ìṣirò débi pé àwa la máa ń lọ bá a lálẹ́ tí ìdánwò bá kù dẹ̀dẹ̀. PES ni wọ́n fún un, ó sì gbà á torí pé ó fẹ́ wọlé ṣáá. Nígbà tó fẹ́ lọ yunifásítì nípa Direct Entry, ọ̀nà tí ẹni tó ní NCE ń gbà wọ yunifásítì, Ìṣirò ló kọ sílẹ̀. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní Primary Education ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá lọ. Ó ṣe é, ó sì yege, ọ̀gá kékeré ni ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà báyìí. Síbẹ̀, bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ ó bá a níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ìṣirò tó yẹ kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ SS2.

Ẹ pe ọmọ náà jókòó, kí ẹ bi í pé ta ló fẹ́ máa kọ́. Ẹ má bi í pé kí ló fẹ́ kà. Ẹni tí ariwo ọmọ kékeré ń bí nínú, tí kò lè nu imú ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹ má fi ECCE dá a lóró. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé WAEC rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wo iye tó ní nínú iṣẹ́ tó fẹ́ mú. Kírẹ́díìtì márùn-ún dára, àmọ́ tí Ìṣirò kò bá sí nínú wọn, kí ó má lálàá Ìṣirò àti Kọ̀ǹpútà.

Ìgbà tí ẹ bá ti mọ kọ́ọ̀sì ni kí ẹ tó wá ilé ẹ̀kọ́. Àjọ tó ń mójú tó kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni lórílẹ̀-èdè yìí ni NCCE, Àbújá ni wọ́n wà, 1989 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ní àṣẹ NCCE lóòótọ́, kí ẹ̀ka tí ọmọ yín fẹ́ lọ máà tíì gba tirẹ̀, tàbí kí àsìkò èyí tí wọ́n fún un ti kọjá. Pátákó ńlá tí wọ́n kọ “NCCE approved” sí lẹ́nu géètì kò sọ èyí fún yín. Lẹ́tà ni kí ẹ béèrè, èyí tí orúkọ kọ́ọ̀sì náà àti ọdún wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì tó bá ní i kò ní bínú pé ẹ béèrè.

Ó kan sẹ́ńtà ọjọ́ Sátidé yín wàyí. Ọdún mẹ́ta ni NCE, àwọn iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ní kékeré: iṣẹ́ méjì tí ó yàn, ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni, ẹ̀kọ́ gbogboogbò, àti odindi sáà kan tí yóò lò lẹ́nu TP ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, mélòó ni Sátidé tó wà nínú ọdún tí yóò gba gbogbo ìyẹn? Òótọ́ ni pé ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní sandwich, tó wà lábẹ́ òfin. Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣe é fún, ìgbà ìsinmi ni wọ́n ń lọ, inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an ni wọ́n sì ń jókòó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì kò níṣẹ́ níbẹ̀.

Mo mọ obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, irú sẹ́ńtà bẹ́ẹ̀ ló lọ ní ìlú míì. Wọ́n gba owó, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n fún un ní ìwé, ó fi rọ́bà bò ó kí omi má bà á jẹ́. Nígbà tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù Direct Entry ni ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀: wọ́n béèrè nọ́ńbà JAMB tó fi wọlé, kò ní i. Ó gba orí ọ̀kadà, ó gba inú bọ́ọ̀sì, ó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí sẹ́ńtà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n yẹ ìwé wò títí, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn ti kó kúrò. Ọmọ méjì ló ti bí nígbà yẹn. Ọdún àkọ́kọ́ ló tún ti bẹ̀rẹ̀. NCCE fúnra wọn ti pariwo lórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kò gba àṣẹ yìí, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀kan pa ni òmíràn ń lẹ bébà mọ́ òpó iná. Ohun tí kò bá gba ọ̀dọ̀ JAMB kọjá, tí kò sì hàn lórí CAPS, ojú ìkànnì tí JAMB fi ń gbani wọlé, ẹ jìnnà sí i, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Tí ẹ bá tún ń ro owó, ẹ gbọ́ èyí. NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, wọ́n sì lè máa fún ọmọ náà ní ₦20,000 lóṣooṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún, wọ́n á sì béèrè nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ àti NIN. Sẹ́ńtà tí owó rẹ̀ kò ga yẹn ti gba àǹfààní yìí mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀yọ́ tí àbúrò yín sọ, ó mọ ohun tó ń sọ. Ìlú olùkọ́ni ni Ọ̀yọ́ láti ayébáyé, 1896 ni St. Andrew's ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ olùkọ́ níbẹ̀. Federal College of Education (Special) wà níbẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni, 1977 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Emmanuel Alayande wà níbẹ̀, ti ìpínlẹ̀ wa, òun ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ báyìí, torí náà ẹ lọ béèrè lẹ́nu wọn pé NCE wo ló ṣì wà àti pé ṣé ti kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí ti Ọ̀yọ́ kò bá ṣeé ṣe, ẹ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ wa tó wà ní Lánlátẹ̀. Ìlọrin náà kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ míì ni, ẹ béèrè iye tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Kwara ń san.

Ẹ má jẹ́ kí “Special” yẹn dẹ́rù bà yín o. Àwọn kan rò pé àwọn tó ní ìpèníjà nìkan ni wọ́n ń gbà. Ọ̀rẹ́ mi kan kàwé níbẹ̀, ojú rẹ̀ ríran kedere. Ìgbà kan tí mo lọ kí i nínú yàrá rẹ̀, mo bá a tó ń fi irin ṣóńṣó kékeré kan gún bébà líle tó há sáàárín irin pẹlẹbẹ oníhò. Ọwọ́ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ sí òsì. Mo ní ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ̀wé sí níbí ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ bébà náà, ó dà á dojú dé, ó fa ìka mi lé e. Braille ni, ìwé tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà. Gbogbo ibi tó gún ti yọ sókè lódìkejì, láti òsì sí ọ̀tún ni a sì ń kà á. Àmì mẹ́fà péré ni wọ́n ń tò lóríṣiríṣi tí gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì fi ń jáde. Mo ń sọ èyí torí pé lónìí, nínú kíláàsì mi, ọmọ kan wà tí kò gbọ́ràn dáadáa, òmíràn ń fa ìwé mọ́ imú kó tó rí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tí mo lè ṣe sí wọn. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá ṣọ̀wọ́n ni wọ́n sì ń wá kiri.

Bí kọ́ọ̀sì bá ti dá yín lójú nílé ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta, TP ni kí ẹ fi yàn láàárín wọn. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá wọ kíláàsì mi, kì í pẹ́ tí mo fi ń mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ wọn dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ́ yóò béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì, yóò dúró díẹ̀, kó tó pe orúkọ ọmọ kan, kí gbogbo wọn lè ronú. Èyí tí wọ́n kò kọ́ yóò ti pe “Ìwọ, Ṣadé!” kó tó béèrè, àwọn tó kù á sì máa ṣeré wọn lọ. Ọ̀kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú pátákó ló kọ sí. Mo bi í pé ṣé wọ́n ṣe microteaching fún un ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe. Ó ní orúkọ nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Olùbẹ̀wò rẹ̀ wá ní ẹ̀ẹ̀kan, ó jókòó lábẹ́ igi lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, ó buwọ́ lùwé, ó wọkọ̀. Ọmọ náà kò burú o, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹ má dúró ní ọ́fíìsì nìkan. Ẹ wá àwọn tó wà ní ọdún kẹta, wọ́n pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ẹ ra nǹkan mímu fún wọn, kí ẹ béèrè iye ìgbà tí olùbẹ̀wò wá bá wọn, àti bóyá ó wọ inú kíláàsì. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti jáde pé báwo ni àbájáde wọn ṣe pẹ́ tó kí ó tó jáde. Tèmi pẹ́ débi pé ìgbanisíṣẹ́ kan kọjá lójú mi, mi ò ní ìwé tí mo lè mú lọ. Owó tó wà lórí bébà nìkan kọ́ ni ẹ ó san: yàrá wà, kádíbọ́ọ̀dù àti ohun èlò TP wà, ọkọ̀ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wà, ẹ sì mọ ọ̀nà yẹn.

Ní ti NYSC tí ẹ béèrè: ẹni tó ní NCE nìkan kì í lọ. Yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, yóò ṣe ìdánwò wọn, kó tó di olùkọ́ lójú òfin. Ẹ sì ní ṣé kò ní pẹ́ jù. Bó bá jẹ́ dìgírì nìkan ló ń wá, ó pẹ́ lóòótọ́, torí NCE ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó máa ń jẹ́ 200 level ni yunifásítì yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta míì nìyẹn bí ASUU kò bá dáṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ tó bá fẹ́ tètè máa gba owó oṣù, kí ó sì máa kàwé lọ, kò sí èyí tó yá ju NCE lọ.

Èyí tó kánjú jù ni JAMB tó ti ṣe lọ́dún yìí. Kò pọn dandan kí ó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Tí wọn kò bá tíì ti àyè ìyípadà ilé ẹ̀kọ́, kí ó lọ sí sẹ́ńtà CBT, ibi tí wọ́n ti ń ṣe JAMB, tó súnmọ́ yín, kí ó yí LAUTECH sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ bá yàn, kí ó rí i pé WAEC rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, kí ó sì máa yẹ CAPS wò lóòrèkóòrè. Bí wọ́n bá gbé kọ́ọ̀sì tí kò yàn fún un, kí ó má tíì tẹ “accept”, kí ó kọ́kọ́ pe àbúrò yín kó bá a dé ọ́fíìsì wọn.