Ẹ má tíì ra ọkọ̀ yẹn, mà

Ẹ kú wàhálà ọmọ, mà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Ẹ ní ọmọkùnrin yín ti pé ọdún 25, ó ti jáde ní yunifásítì, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti jókòó sílé lọ́dọ̀ yín ní Abẹ́òkúta. Aago mọ́kànlá ló ń jí. Bàbá rẹ̀ ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ń gbèrò láti yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, kí ẹ fi ra ọkọ̀ fún un kó máa fi gbé èrò tó ń pè lórí fóònù. Ẹ wá bi wá pé èwo ló dáa nínú méjèèjì. Màá dáhùn, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi, torí gbogbo bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ yìí, ohùn màmá mi ni mò ń gbọ́.

Obìnrin mẹ́ta ni màmá wa bí kí wọ́n tó bí ọkùnrin kan ṣoṣo. Èmi ni àkọ́bí. Ọjà Gbági tuntun n'Íbàdàn ni wọ́n ti ń ta aṣọ, ànkárá ló pọ̀ jù, léèsì díẹ̀. Àwa obìnrin ń tẹ̀ lé wọn lọ sọ́jà láti kékeré. A mọ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ, a mọ̀ pé odindi ànkárá jẹ́ ọ̀pá 12, ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá 6, a mọ ẹni tí wọ́n ń tà fún láwìn àti ẹni tí wọn kì í tà fún. Àbúrò wa ọkùnrin kò bá wọn lọ rí. Wọ́n ní oòrùn á pa á. Kò fọ abọ́, kò fọ ṣòkòtò ara rẹ̀. Bí olùkọ́ bá nà án, màmá á ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wọ takisí lọ bá olùkọ́ jà. Nígbà tí WAEC kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé kan nígbèríko tí wọ́n ti ń bá ọmọ kọ ìdánwò, wọ́n sanwó rẹ̀, èsì jáde, gbogbo ilé jó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí apá àgùnbánirọ̀ yìí. Lára ìdí tí wọ́n fi dá ètò náà sílẹ̀ lọ́dún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni pé kí ọmọ kúrò lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀, kó lọ gbé láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kebbi ni wọ́n pín àbúrò mi sí lọ́dún 2018. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àgọ́ tó pé, màmá ti rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, owó ti lọ, ọmọ ti padà sí Ìbàdàn. ₦19,800 ni ìjọba ń san fún wọn lóṣù nígbà yẹn. Mo mọ àwọn ọmọ tó fi gba yàrá, tí wọ́n fi jẹun, tí wọ́n tún ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Màmá ní kí tàbúrò mi máa wà ní báńkì, wọ́n sì ń fi èyí tó ju ìyẹn lọ ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Ibi tí wọ́n ní kó ti máa ṣiṣẹ́, ìgbà tó bá wù ú ló ń yọjú, wọ́n ń bá a fọwọ́ sí ìwé. Ọdún yẹn ni ọdún kan ṣoṣo tí ìlú fẹ́ bá wa tọ́ ọ. Owó la fi rà á padà.

Ẹ wá gbọ́ tàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkùnrin kan nínú ọ́fíìsì kan sọ fún màmá pé àyè iṣẹ́ wà, pé ẹni tó bá tètè sanwó ni wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n san án. A retí lẹ́tà, a retí títí. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orúkọ ti wà lókè. Orúkọ wo? Òkè wo? Inú bí mi sí ọkùnrin yẹn títí dòní, kì í ṣe torí owó nìkan. Fún odindi ọdún tí a fi ń retí lẹ́tà, àbúrò mi ní àwáwí. Ẹni tó bá ní kó lọ wá nǹkan ṣe, ó ti ní èsì lẹ́nu: òun ń retí lẹ́tà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni ra àyè iṣẹ́ fún ọmọ yín, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ló mú un wá.

Lọ́dún 2021, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu màmá. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ kò já geere. Àwa obìnrin ti wà nílé ọkọ, èmi ní Akúrẹ́, àwọn yòókù ní Èkó. Àbúrò mi nìkan ló wà nílé, a sì fi ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́. Ó gbà. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Ó yẹ kí n sọ bí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ṣe ń kú, torí àwọn èèyàn ń rò pé ọmọ náà jí owó ni. Kò jí kọ́bọ̀. Púpọ̀ nínú aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ti ẹni tó jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun ló ń já a fúnni láwìn, tí èèyàn á máa tà á, tí á máa sanwó fún wọn díẹ̀díẹ̀. Bí o bá san án bó ṣe yẹ, ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa pè tí ọnà tuntun bá dé. Bí o kò bá san, wọn ò ní bá ọ jà, wọn ò kàn ní pè ọ́ mọ́ ni. Ọjà àná ló máa kù sọ́wọ́ rẹ. Àwọn oníbàárà ńlá, àwọn tó ń wá láti Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìdájí ni wọ́n ń dé kí wọ́n lè tètè padà. Ẹni tí kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kò lè rí wọn. Àbúrò mi ń dé ní ọ̀sán. Ó ń kó aṣọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láwìn, kò kọ ọ́ síwèé, ojú ń tì í láti bi wọ́n. Obìnrin kan wá gba aṣọ ẹbí tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, kò rí i gbà, ó bú u dáadáa bí ìyá ọjà ṣe ń bú èèyàn. Àbúrò mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sùn sílé fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tí kì í ṣe ará ilé bú u tí màmá kò sì lè lọ gbèjà rẹ̀. Kò mọ̀ pé èèyàn lè gba èébú kó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì.

Gbogbo nǹkan ló ń pè mí sí. "Ẹ̀gbọ́n mi, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán o." "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n wá san owó ẹgbẹ́." Mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù á máa dún. Tí n bá sọ pé kó ṣe é bó ṣe rò pé ó dáa, á dákẹ́, á tún pe àbúrò mi obìnrin tó wà l'Ékòó.

Níkẹyìn, ìyá tó ń já aṣọ fún wa wá sílé. Kò pariwo. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, ó ní, "Ìyá Kẹ́kẹ́, ẹ má bínú, èmi náà jẹ gbèsè ni." Màmá ò lè dáhùn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí àpótí wọn. Góòlù tí wọ́n ti ń rà láti ìgbà tí wọ́n wà lómidan ló wà níbẹ̀. A tà á, a san gbèsè, a gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún onílé. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi rán gbogbo wa nílé ìwé nìyẹn o. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé e lọ bá agbaninímọ̀ràn kan. Ó gba owó gidi, ó ní ká má fipá mú un, ká fún un láyè títí yóò fi mọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ọkùnrin ọdún 27! Ta ni yóò máa bọ́ ọ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀? Wòlíì kan ní tiẹ̀ sọ pé àwọn ará ilé bàbá wa ló so ọwọ́ rẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà, mi ò kẹ́gàn àdúrà, àmọ́ ẹni tó so ọwọ́ ọmọ yẹn fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, inú yàrá ló sì dùbúlẹ̀ sí.

Ohun tó gbà á là ni iṣẹ́ sólà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, gbogbo ènìyàn ń sá fún jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ náà sì gbòde. Mo wá ọ̀gá kan fún un ní Òjóò, a kọ ìwé àdéhùn, a mú onídùúró, a san owó ìkọ́ṣẹ́, ìyẹn kò le. Ohun tó le ni pé ọmọ ọdún 29 jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún 18, tí wọ́n ń rán an lọ ra omi. Bátìrì olómi ńlá kan lè wúwo tó kílò 60, òun àti ẹlòmíì ni wọ́n ń gbé e gun àtẹ̀gùn. Ó pe màmá, ó ń sunkún. Màmá, nínú àìsàn, ní ká fowó ránṣẹ́ kó fi gba alábàárù tí yóò máa bá a gbé bátìrì! Wọ́n ní kí n bá àwọn pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìnira. Tí ẹ bá tún pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó máa bọ̀ nílé." Kí Ọlọ́run bù kún ọkùnrin náà. Gbogbo ìwé tí agbaninímọ̀ràn yẹn kà kò tó gbólóhùn kan yẹn.

Kò pẹ́ sí i, àbúrò mi so wáyà kan lódì nílé ẹnì kan, inverter oníbàárà jóná. Ọ̀gá ní òun ló máa san án, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n ń fún un lójoojúmọ́. Àwa obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pé a ò ní fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, a sì gba fóònù tí màmá fi ń fowó ránṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bú wa. Wọ́n ní a kórìíra rẹ̀ torí pé ó jẹ́ ọkùnrin. Ó dùn wá, àmọ́ a ò yẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó san owó náà tán, kò sì sá lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni kì í bi mí léèrè mọ́ kó tó ṣe nǹkan. Mi ò sọ pé ó ti di ẹlòmíì. Tí kò bá síṣẹ́, ó ṣì ń sùn títí oòrùn á fi yọ, ó sì ṣì jẹ mí lówó. Àmọ́ ó ń gba iṣẹ́, ó ń parí rẹ̀, òun ló sì ń sanwó ilé ara rẹ̀.

Mà, ẹ má jẹ́ kí n fi ìtàn tiwa bo tọmọ yín mọ́lẹ̀ o. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà nílé ni wọ́n kẹ́ bàjẹ́. Iṣẹ́ ò sí. Àwọn ọmọ ọdún rẹ̀ ni ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lọ́dún 2022 jẹ oṣù mẹ́jọ lára wọn. Owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n gbé dé ₦70,000 lọ́dún 2024 náà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni ò san án. Ẹ wo ohun tó ń ṣe nínú ilé yín. Ṣé ó ń pọnmi? Ṣé ó ń kọ̀wé wáṣẹ́ káàkiri tí wọn ò dá a lóhùn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló ń wá, ẹ má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ fojú ọ̀lẹ wò ó. Àmọ́ bí ẹ̀yin bá ṣì ń fọ aṣọ rẹ̀, tí ẹ ń fowó sí fóònù rẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kàn yín.

Lílé jáde náà, ẹ má gbà. Ọmọ tí kò gbé nǹkan kan fúnra rẹ̀ rí, tí ẹ bá lé e jáde lójijì, ibi tó rọrùn ni yóò gbà. Ilé àwọn ọmọ yahoo wà nítòsí, wọn ò sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ ẹni tuntun. Àwọn áàpù tó ń yáni lówó tún wà, tí wọ́n á máa kọ̀wé ìtìjú sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ, títí kan àlùfáà yín. Ẹ kìlọ̀ fún un nípa ìyẹn lónìí. Kẹ́ ẹ tún yẹ fóònù tiyín wò, kó má lọ jẹ́ pé orúkọ yín ló fi yá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, inú owó oṣù yín ni wọn á ti máa yọ ọ́, bó lọ síṣẹ́ o, bó sùn o. Táyà á fọ́, ẹ̀yin ló máa pè. Iléeṣẹ́ tó ni áàpù á yọ tiwọn nínú owó èrò, epo á gba tiẹ̀, ẹ̀yin á sì máa san gbèsè ọkọ̀ tó dúró sínú ọgbà. Bó bá lóun fẹ́ wakọ̀ lóòótọ́, kó gba ọkọ̀ ẹlòmíì, ẹni tí kò mọ̀ yín rí, kó máa dá owó ọ̀sẹ̀ fún un. Bó bá dá a fún ọdún kan láìjẹ́ pé ẹ bá a fi kún un, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yín nígbà náà. Ohun kan tó máa bà á jẹ́ ni kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ má fẹnu kò. Ẹ jókòó sọ ọ́ lálẹ́, kí ẹ sọ èyí tí ẹ lè san àti èyí tí ẹ kò ní san mọ́, kí ẹ tó pè é.

Tí ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọ ohun tó ní òun fẹ́ ṣe síbí. Bó bá jẹ́ sólà tàbí iṣẹ́ wáyà, mo lè bi ọ̀gá àbúrò mi bóyá ó mọ ẹnì kan l'Ábẹ́òkúta tó ń gba ọmọ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló ṣì ń wù ú, ẹ bi àwọn awakọ̀ tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, wọ́n mọ àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń wá dẹ́rẹ́bà.