Àmì Fáwẹ́lì Cham Lórí Kọ̀ǹpútà
Ìbéèrè: Olóòtú, nínú ìkọ̀wé àwọn ará Cham ní Vietnam àti Cambodia, àwọn àmì fáwẹ́lì kan máa ń wà ní apá òsì kọ́ńsónáǹtì. Ṣé àwọn ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Unicode, ìlànà àgbáyé tí ó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù (nọ́ńbà) tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí ó sì gba ìkọ̀wé yìí wọlé ní ọdún 2008, fi lélẹ̀ pé kọ́ńsónáǹtì ni yóò ṣáájú, kí àmì tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe ń pè wọ́n lẹ́nu. Fọ́ǹtì ni yóò gbé àmì bíi U+AA2F (kóòdù àmì fáwẹ́lì “o”) lọ sí òsì. Bí ẹ bá yí ètò títẹ̀ yìí padà, wíwá ọ̀rọ̀ yóò dàrú. Ohun tí ó wù mí jù ni pé àwọn kọ́ńsónáǹtì ìparí, ìyẹn àwọn tí ó ń parí sílébù, ní kóòdù tiwọn.