Àǹtí, ọ̀gá mi ní kí ẹ̀rọ wá sọ bóyá olè ni mí

*Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo ń bá ìbátan màmá mi ta léèsì àti àǹkárá ní ọjà Gbági tuntun, n'Ìbàdàn níbí. Ó ti lé lóṣù kan báyìí tí Mọ́mì (bí a ṣe ń pe ọ̀gá wa nìyẹn) ṣírò owó, tó ní ₦640,000 ò sí nínú àpótí. Àwa mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́jọ́ náà. Kò pè mí lólè lójú mi o, àmọ́ mo gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé, "Èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi gan-an ni mo fura sí." Ní báyìí, ó ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ l'Ékòó tó ní ẹ̀rọ tó ń mú òpùrọ́. Ìparí oṣù ni ọkùnrin náà ń bọ̀. Àwọn méjì yòókù ti gbà. Mi ò mú kọ́bọ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mò ń lo oògùn, bí èèyàn bá sì ti jágbe mọ́ mi, gbogbo ara mi á máa gbọ̀n. Màmá mi ní kí n lọ ṣe é kí ojú lè tì wọ́n, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá. Ṣé kí n lọ?*

*Ọmọ Gbági*

Ọmọ mi, má lọ.

Mo fẹ́ kí o rí ìyẹn kí o tó ka ohunkóhun mìíràn, nítorí lẹ́tà rẹ fi hàn pé oorun ò kun ojú rẹ mọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní mi ò gbà ọ́ gbọ́, ohun kan náà ni màá sọ, torí pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé bọ̀ yẹn ò lè sọ ẹni tó mú owó fún èmi tàbí fún Mọ́mì yín.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà. Ọkùnrin yẹn á de okùn kan mọ́ àyà rẹ, á de òmíràn mọ́ ikùn rẹ, kó lè mọ bí o ṣe ń mí. Á we ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá rẹ. Á fi irin pẹlẹbẹ kéékèèké sí ìka ọwọ́ rẹ láti mọ bí òógùn ṣe ń yọ níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Polygraph lorúkọ rẹ̀. Ní 1921 ni John Larson, ọlọ́pàá kan ní ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà, to irú rẹ̀ jọ. Èémí àti ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọ̀n, ti òógùn dé lẹ́yìn náà. Kò sí èyí tí ń jẹ́ irọ́ nínú wọn. Irọ́ ò ní àmì kan lára èèyàn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àyà tó ń já olè náà ló ń já ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́.

Ìwọ tó o máa ń lọ gba oògùn á ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ, á rí i pé ó ga, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ò ní sọ fún un bóyá iyọ̀ ló fà á, bóyá àìsùn ni, tàbí bóyá ìwọ àti ọlọ́kọ̀ kan lẹ ti jà ní Ìwó Road kí o tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ yìí náà ń rí i pé ara rẹ gbọ̀n. Ìdí tó fi gbọ̀n, ọkùnrin tó jókòó sídìí rẹ̀ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Báwo ló ṣe ń sọ ọ́? Fara balẹ̀ ka ibí yìí. Kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè owó nìkan. Á bi ọ́ ní irú èyí pẹ̀lú: "Kí o tó pé ọmọ ogún ọdún, ṣé o ti mú ohun tí kì í ṣe tìrẹ rí?" Ó mọ̀ pé ta ni kò tíì bu ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ rí, nítorí náà ó ń retí pé wàá ní rárá, ọkàn rẹ á sì fò díẹ̀. Nígbà tó bá yá, á wá bi ọ́ pé, "Ṣé ìwọ lo mú owó Mọ́mì?" Èrò wọn ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa ba olódodo lẹ́rù jù, pé èkejì ló máa ba olè lẹ́rù jù. Wọ́n á fi méjèèjì wéra, èyí tí ara rẹ bá gbọ̀n sí jù ni wọ́n á fi dájọ́.

Wàyí o, wo ara rẹ. Ó ti lé lóṣù kan tí wọ́n ti ń wò ọ́ bákan. Ẹbí rẹ ló fura sí ọ. Iṣẹ́ rẹ àti orúkọ màmá rẹ wà lórí ìbéèrè kejì yẹn. Báwo ni ẹran inú ìkòkò ṣe fẹ́ bà ọ́ lẹ́rù tó o? Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gba òun gbọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí máa ń ṣì mú.

Ohun tí o gbọ́ lórí fóònù yẹn ló sì bà mí nínú jẹ́ jù nínú lẹ́tà rẹ. Ní 1986, ètò 60 Minutes ti tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà dán àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ wò. Wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé wọ́n jí kámẹ́rà kan lọ́fíìsì, kí wọ́n wá yẹ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin wò. Kò sẹ́ni tó jí kámẹ́rà kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ sí olúkúlùkù àwọn ayẹniwò náà létí pé lágbájá ni àwọn fura sí, ẹni tí wọ́n dárúkọ fún tibí yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n dárúkọ fún tọ̀hún. Ẹni tí wọ́n dárúkọ fún kálukú náà ni kálukú wọn mú ní òpùrọ́.

Mọ́mì ti bá ọkùnrin Èkó yẹn sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ fún un bó ṣe sọ lórí fóònù, wọ́n á ti dá ẹjọ́ rẹ kí ọkọ̀ ọkùnrin náà tó kọjá Ògèrè. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ gbájúẹ̀ o. Àwọn tí mo sọ yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni; ohun tí wọ́n ti fi sí wọn lọ́kàn ni ojú wọn ń wá kiri lórí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde.

Màmá rẹ ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá. Òótọ́ ni, níwájú àgbà tó máa gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì. Sọ èyí fún màmá: ọwọ́ Floyd Fay mọ́. Wọ́n mú un ní ìpínlẹ̀ Ohio ní 1978 lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ó gbà láti jókòó sídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Ó di 1980 kí wọ́n tó rí àwọn apànìyàn gidi, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Gary Ridgway ńkọ́, tó ń pa àwọn obìnrin kiri ní ìpínlẹ̀ Washington? Wọ́n yẹ òun wò ní 1984, ẹ̀rọ ní olóòótọ́ ni. Ó padà sílé. Ọdún 2001 ni àyẹ̀wò DNA tó mú un, nígbà tó sì di 2003 ó jẹ́wọ́ pé èèyàn 48 lòun pa. Aldrich Ames, òṣìṣẹ́ CIA (àjọ amí Amẹ́ríkà) tó ń ta àṣírí ìjọba rẹ̀ fún Soviet (Rọ́ṣíà ìgbà náà), yege níwájú ẹ̀rọ yìí ní 1986, ó tún yege ní 1991. Ẹni tí irọ́ ti mọ́ lára, àyà rẹ̀ kì í já mọ́.

Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà. Ní 2003, National Research Council, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìwádìí ńlá kan jáde lórí rẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ọ̀ràn kan pàtó ni wọ́n ń yẹ èèyàn wò lé lórí, ó sàn dáadáa ju kéèyàn kàn máa méfò lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ohun tó pé. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń fi yẹ òṣìṣẹ́ wò lọ rẹpẹtẹ, ẹ gbọ́ ìṣirò wọn: ká ní òṣìṣẹ́ 10,000 ni, tí amí mẹ́wàá wà láàárín wọn. Kí ẹ̀rọ tó lè mú mẹ́jọ nínú amí wọ̀nyẹn, nǹkan bí 1,600 èèyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa mú mọ́ wọn.

Oríṣi ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fọkàn tán ju èyí lọ. David Lykken, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1959, àwọn ọlọ́pàá Jàpáànù sì ń lò ó. Wọn kì í fi bi èèyàn pé ṣé ìwọ ni. Ohun tí olè nìkan lè mọ̀ ni wọ́n ń béèrè: ṣé nínú ọ̀rá dúdú ni owó náà wà, ṣé inú àpòòwé ni, àbí inú páálí bàtà? Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ yẹn ni ara èèyàn ń gbọ̀n sí ní gbogbo ìgbà, a jẹ́ pé ó mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù yín, ta ni kò mọ iye owó náà, àpótí tó wà, àti ọjọ́ tí wọn ò rí i mọ́? Èmi tí mi ò dé ibẹ̀ rí ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ọ̀nà yẹn ti dí.

Ní Amẹ́ríkà tí ẹ̀rọ yìí ti wá, láti 1988 ni òfin ti sọ pé ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ aládàáni ò gbọ́dọ̀ fi yẹ òṣìṣẹ́ wò. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ibi tí olè bá ti jà, síbẹ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ torí èsì ẹ̀rọ nìkan lé èèyàn kúrò níbi iṣẹ́.

Ti ara rẹ wá kù. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, irú propranolol, máa ń dín bí ọkàn ṣe ń sáré kù, oògùn amárarọ̀ náà ń yí ohun tí ẹ̀rọ ń kọ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsùn, ìrora, yàrá tó tutù jù, àti ohùn líle ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fo oògùn rẹ nítorí àyẹ̀wò yìí, má dá a lóhùn. Má sì lọ kọ́ ọgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kí èèyàn máa jẹ ahọ́n rẹ̀, kó máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó máa ṣe ìṣirò lọ́kàn. Àwọn kan ti fi irú rẹ̀ tan ẹ̀rọ jẹ. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọ lára, wọ́n á ní olè tó dọ́gbọ́n ni ọ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìka olólùfẹ́ yín sórí fóònù kó lè sọ bóyá ó ń yan àlè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Eré ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, ìgbéyàwó yín kì í ṣe eré.)

Bí o ṣe máa kọ̀ ọ́ nìyí. Má kọ ọ́ lórí WhatsApp, má sì kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lójú oníbàárà. Wá àgbà kan tí Mọ́mì máa ń gbọ́ tirẹ̀ nínú ẹbí, kì í ṣe màmá rẹ nìkan, torí inú ń bí màmá, ó sì tọ́ kí inú bí i. Ẹ lọ bá a nílé lálẹ́. Kúnlẹ̀, kí o sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Mọ́mì, mi ò sá fún ìwádìí. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ni mi ò lè jókòó sídìí rẹ̀, ara mi ò gbé e. Gbogbo ìwádìí yòókù, orí mi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Kí àgbà yẹn wá béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí lẹ́tà rẹ ò sọ bóyá ẹnikẹ́ni ti béèrè wọn. Ṣé wọ́n ti ka ọjà tó kù mọ́ ìwé tí ẹ fi ń kọ títà? Ṣé wọ́n ti fi ìwé POS wé ohun tó wọ báǹkì? Ṣé kò sí oníbàárà tó fi ayédèrú alert gba léèsì lọ, tí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó tó wọlé? Ta ló gba àwìn, ta ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀? O ní Mọ́mì ṣírò ni, owó ò pé. Owó tí kò pé lórí ìṣirò lè jẹ́ owó tí wọ́n jí, ó sì lè jẹ́ owó tí kò wọlé rí.

Bí wọ́n bá fi dandan mú ọ jókòó, ohun kan wà tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: ó ń dẹ́rù bani débi téèyàn á fi jẹ́wọ́. Wọ́n á ní, "Ẹ̀rọ ti mú ọ, sọ òótọ́ ká lè bá ọ bẹ Mọ́mì." Àwọn kan ti torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí wọn ò ṣe. Má fọwọ́ sí ìwé kankan. Má sọ pé wàá máa san án díẹ̀díẹ̀ kí ìjà lè tán, torí bí o bá ti san kọ́bọ̀, olè lo gbà pé o jẹ́. Bó bá di ti ọlọ́pàá, ní kí lọ́yà wà níbẹ̀ kí o tó kọ sítétimẹ́ǹtì. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò rówó lọ́yà san.

Mọ́mì, bí ẹ bá ń ka èyí, owó tí ẹ fẹ́ san fún ọkùnrin Èkó, ẹ fi wá akáǹtáǹtì kan kó jókòó ti ìwé yín. Bí ẹ̀rọ bá mú ọmọ yìí, tó sì jẹ́ ẹlòmíràn ló mú owó, inú ṣọ́ọ̀bù yín lolè náà á ṣì máa jí wá lárààárọ̀.

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kó ní kí o máa lọ nítorí pé o kọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àgbà tó bá ọ lọ wà níbẹ̀ nígbà tí o bá ń dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ẹ ka ọjà tó wà nílẹ̀ lójú gbogbo yín, kí o sì béèrè owó oṣù tí wọ́n jẹ ọ́. Bá màmá rẹ sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní. Ẹ má jẹ́ kí ìparí oṣù bá yín láìtíì lọ.