Gbígbé ọkọ̀ gọ́ọ̀fù láti Ìlọrin dé Omù-Àrán lórí tírélà tí kò ní òrùlé

Ẹ̀gbọ́n wa kan ra ọkọ̀ gọ́ọ̀fù oníbáàtìrì ní Ìlọrin, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń rìn lórí pápá gọ́ọ̀fù, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Omù-Àrán, wọ́n sì ń béèrè bóyá tírélà kékeré tí kò ní òrùlé, èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn jíìpù, àti okùn ọ̀rá lè gbé e débẹ̀ láìséwu. Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Tírélà kékeré náà tó, bí ó bá lágbára. Okùn ọ̀rá kò tó rárá, nítorí pé ó máa ń fà gùn bí oòrùn bá pa á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé irú ẹrù yìí gba ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo, ohun tí mo sì dì mú ni pé ibi tí ẹ bá ti so ọkọ̀ náà ni yóò sọ bí yóò ṣe gúnlẹ̀, ju bí awakọ̀ ṣe mọ ọkọ̀ wà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe wúwo tó. Ọkọ̀ gọ́ọ̀fù elérò méjì tó ń lo báàtìrì olómi sábà máa ń wúwo tó 400 sí 500 kìlógíráàmù. Báàtìrì mẹ́fà ló sábà máa ń wà lábẹ́ àga rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tó nǹkan bí 28 kìlógíráàmù, èyí tó fi hàn pé báàtìrì nìkan súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìwúwo náà. Bí ẹ bá dá ọkọ̀ náà dúró sí ẹ̀yìn jù lórí pẹpẹ tírélà, imú tírélà, ìyẹn irin iwájú tó so ó mọ́ jíìpù, yóò fẹ́ gbéra sókè, tírélà yóò sì máa jù sọ́tùn-ún sósì ní kété tí jíìpù bá sáré díẹ̀. Imú tírélà gbọ́dọ̀ tẹ jíìpù pẹ̀lú ìwọ̀n 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ìwúwo tírélà àti ẹrù. Bí tírélà bá jẹ́ 300 kìlógíráàmù, tí ọkọ̀ sì jẹ́ 450, a jẹ́ pé 75 sí nǹkan bí 112 kìlógíráàmù ni imú náà gbọ́dọ̀ gbé lé jíìpù. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ wo ìdí jíìpù: ó yẹ kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ga sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ tún ọkọ̀ náà sún síwájú.

Kí ẹ tó gùn ún sórí pẹpẹ, ẹ so tírélà mọ́ jíìpù pátápátá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sì fi igi dènà àwọn táyà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sẹ́yìn irin tí ọkọ̀ ń gùn. Nígbà tí ó bá dé àyè rẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì ìdúró, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì wo abẹ́ àga. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù oníbáàtìrì, swíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Run (rírìn) àti Tow (fífà) sí lára. Tow ni kí ẹ fi í sí, kí iná má lè dé ọ̀dọ̀ mọ́tò bí ohunkóhun bá ṣèèṣì tẹ ẹsẹ̀ ìsáré. Gíláàsì iwájú àti tìmùtìmù àga, ẹ tú wọn kúrò, kí ẹ kó wọn sínú jíìpù. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà máa ń ṣí wọn fò, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lẹ́yìn yín ni wọn yóò sì bà.

Ìdè gan-an ló yẹ kí n dúró lé. Mo tẹ̀lé ọkọ̀ kan rí lójú ọ̀nà yìí, tí awakọ̀ rẹ̀ fi okùn gba orí òrùlé ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, tó sì fà á le títí tó fi dún. Kí wọ́n tó dé Ìdófìàn, òpó òrùlé ẹ̀yìn méjèèjì ti tẹ̀ wọlé, okùn ti dẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń yí síwá sẹ́yìn lórí pẹpẹ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so ní okùn gígùn. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé òrùlé, sitiárì, àti ike tó wà níwájú àti ní ẹ̀yìn kì í ṣe ibi ìdè. Ṣásí, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ni kí ẹ wá, tàbí irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ lo bẹ́líìtì ìdẹrù mẹ́rin, irú èyí tó ní irin tí a fi ń fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún igun kan, kí méjì fa síwájú, kí méjì fa sẹ́yìn. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ẹrù tí bẹ́líìtì lè gbé sí ara rẹ̀. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ti parẹ́ tàbí tí etí rẹ̀ ti ya, ẹ má lò ó. Ẹ fún un títí sípíríǹgì ọkọ̀ yóò fi tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí bẹ́líìtì bá ti gba etí irin, ẹ fi túùbù àtijọ́ tí ẹ gé lọ́dọ̀ fọkanáísà tẹ́ ẹ lábẹ́. Mo ti fọwọ́ kan bẹ́líìtì tuntun tí etí pẹpẹ ti rẹ́ dé ìdajì nínú ìrìn kan ṣoṣo. Òwú rẹ̀ ti rú bí irun, apá tó kù sì le koránkorán.

Ṣéènì ìdáàbòbò méjì tó wà ní imú tírélà, ẹ dábùú wọn lórí ara wọn lábẹ́ orí ìsopọ̀, kí imú náà lè já sí orí wọn bí ìsopọ̀ bá tú, kí ó má baà gún ilẹ̀. Ẹ wo iná ẹ̀yìn àti afẹ́fẹ́ táyà pẹ̀lú.

Ẹ má rò pé ìdè ti parí ní Ìlọrin. Bí ẹ bá kọjá Gànmọ̀, lẹ́yìn àwọn bọ́ǹpù àkọ́kọ́, ẹ dúró síbi tó láyè, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé ó kéré tán, ọ̀kan ti dẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ náà ti jókòó dáadáa sórí pẹpẹ. Ẹ tún un fún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ajàṣẹ́-Ìpo kí ẹ tó yà sí ọ̀nà Omù-Àrán, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àárín táyà tírélà. Bí ọ̀kan bá gbóná fòò ju èkejì lọ, bíárìn rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ má tẹ̀síwájú títí mẹkáníìkì yóò fi wò ó. Ní tèmi, n kì í sá ju 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ pẹ̀lú irú ẹrù yìí, n kì í sì í gbé e lálẹ́, nítorí pé kòtò tí ènìyàn kò tètè rí ló ń já ìdè.

Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí tírélà ṣì wà lára jíìpù, kí ẹ rí i dájú pé bíréèkì ọkọ̀ ṣì dì í mú kí ẹ tó tú bẹ́líìtì kankan. Bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ wo orí báàtìrì bóyá omi rẹ̀ dà síta tàbí wáyà kan tú, kí ẹ tó dá swíìṣì padà sí Run, kí ẹ sì tó fi iná sí i.